Ìgbà Tí A Ń Gun Arídòkèèrè Lọ Wo Oṣù

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fa bẹ́ǹṣì yẹn sún mọ́ ògiri kí oòrùn má baà pa yín lórí. Mo ti wo gbogbo fọ́tò tí ẹ yà lórí òkè tí ẹ gùn ní Sátidé, mo sì rí bí ẹ ṣe na ọwọ́ sókè bí ẹni tó gba ife bọ́ọ̀lù. Ẹ ní háíkì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní ẹ kóra yín jọ láti Ajégúnlẹ̀ níbí, ẹ wọ bàtà tó nípọn, ẹ gbé omi dání, ẹ wọkọ̀ lọ jìnnà, ẹ gun àpáta, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ sì padà wálé. Nígbà tí mo bi yín pé kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀, ẹ ní ẹ kàn lọ wò ó ni. Ìgbà náà ni mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ sì rò pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá o. Inú mi ló dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun nítorí pé òun gun òkè.

Nílùú tí wọ́n bí mi sí, lápá Òkè-Ògùn, kò sí ẹni tó ń gun òkè kó kàn lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ wíwò náà sì ni iṣẹ́ wa níbẹ̀. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú, Arídòkèèrè là ń pè é, nítorí ẹni tó bá dé orí rẹ̀ yóò ti rí àlejò kí àlejò tó rí ìlú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, orí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń sá gbodo sí, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Bí o bá wà nísàlẹ̀, wàá rí òkúta dúdú náà tó funfun lórí bí àgbàlagbà tó hewú. Bí a bá ń retí ará Èkó lásìkò ọdún, ibẹ̀ la ti ń ṣọ́ eruku lọ́rì. A máa ń rí eruku náà tipẹ́tipẹ́ kí a tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i yóò sáré sọ̀ kalẹ̀, yóò máa pariwo orúkọ onílọ́rì káàkiri àdúgbò títí ẹnìkan yóò fi fún un ní àkàrà. Bí iná bá ràn lóko, ibẹ̀ la ti ń mọ oko ẹni tó ń jó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Arídòkèèrè ni ojú ìlú wa.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò gùn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá dá lè dé òkè kí ìyá rẹ̀ tó ro ọkà tán. Ṣùgbọ́n òkúta ni láti ìsàlẹ̀ dókè, gbogbo ibi tó bá le níbẹ̀ la sì ti sọ lórúkọ. Ẹnu Ilé la kọ́kọ́ ń bá, níbi tí òkúta méjì ti fara ti ara wọn bí ilẹ̀kùn tí wọ́n kò tì tán, ẹ̀gbẹ́ la fi ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sanra yóò sì fa ikùn sínú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àga Ìyá Àgbà, òkúta pẹrẹsẹ kan tí àwọn arúgbó ti ń sinmi. Bí o bá ń kọjá lọ, dandan ni kó o kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ì báà jẹ́ pé igi lo rù. Lẹ́yìn ìyẹn ni Fìdíwọ́, ibi tó dà gẹ̀rẹ́ tó sì ń dán. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí a ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò sí ọmọkùnrin ìlú wa kan tí ìyá rẹ̀ kò lẹ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ rí nítorí Fìdíwọ́. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń gùn ún. Lọ́sàn-án, òkúta náà a máa jó ni lẹ́sẹ̀ bí àwo ọbẹ̀; bó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á máa dùn mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn àgbà a sì máa sọ fún ẹni tó bá ń kánjú pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ṣí fìlà lórí Náíbì wa, igbákejì Lèmọ́mù, ẹni ọ̀wọ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín lójú títì. Fìlà náà fò bí ẹyẹ, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀run, ó sì lọ bà sórí páànù ilé obìnrin kan tí òun àti Náíbì kì í kí ara wọn. Ó di ọ̀ràn pé kí Náíbì lọ kan ilẹ̀kùn. Ìjà ọdún pípẹ́ parí lọ́jọ́ náà nítorí fìlà. Obìnrin náà sì sọ fún gbogbo ayé pé Ọlọ́run ló ránṣẹ́.

Nínú gbogbo ohun tó ń gbé wa lọ sókè, wíwo oṣù ààwẹ̀ ló dùn jù. Lónìí, fóònù ló ń sọ fún yín. Ẹ ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò dún, wọ́n ti kéde, ẹnìkan á sì ti fi àwòrán oṣù àti ìràwọ̀ ránṣẹ́ sí yín. N kò ní kí ẹ sọ fóònù nù o. Èmi náà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ojú la fi ń rí oṣù. Bí ààwẹ̀ bá ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, a ó kí ìrun Alaásárì, àwọn ọkùnrin tí ojú wọn mú yóò tẹ̀ lé Náíbì, a ó gun Arídòkèèrè, a ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí a bá rí oṣù, ọdún di ọ̀la. Bí a kò bá rí i, a ó gba ààwẹ̀ kan sí i. Gbogbo ìlú yóò wà nísàlẹ̀ tí wọ́n gbójú sókè. Ẹni tó ní adìẹ kò tíì mọ̀ bóyá kí òun pa á. Télọ̀ ń tẹ ẹ̀rọ lọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Àwọn ọmọdé ti wẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì jẹ́ jókòó kí aṣọ má baà dọ̀tí. A ti kó imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ pamọ́ sínú ihò àpáta kan lókè. Bí oṣù bá ti yọ, a ó ṣáná sí i, ìlú yóò rí iná náà, wọn yóò sì mọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Mo ti dàgbà tó géńdé, aṣọ òfì ni mò ń hun lọ́dọ̀ bàbá mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí, eruku dìde lọ́nà Èkó, lọ́rì Búràímọ̀ ló sì dé. Ọmọ ìlú wa ni Búràímọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ níbí, ẹrù ló ń kó láti èbúté Àpápá. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́dún náà nítorí ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà yìí ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, kì í dìde lórí ẹní mọ́, ohun kan ṣoṣo tó sì ń tọrọ ni pé kí òun àti ọmọ òun jọ ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Búràímọ̀ kò lè dúró pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ń bọ̀ ní Àpápá, ó sì ti ṣèlérí pé òun ni yóò kó nínú ẹrù rẹ̀. Bí a bá rí oṣù ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, yóò ṣọdún lọ́la pẹ̀lú ìyá rẹ̀, yóò sì gba ọ̀nà Èkó lọ lálẹ́. Bí a kò bá rí i, ààwẹ̀ ni yóò gbà lọ́la náà, yóò sì lọ lálẹ́ láìṣọdún. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ṣé ẹ mọ bí ìlú kékeré ṣe rí: bí ẹnìkan bá ń retí nǹkan, gbogbo wa là ń bá a retí.

Ọjọ́ náà wá pé, òjò àkẹ́yìn sì rọ̀ lọ́sàn-án, ìkùukùu bo ìwọ̀-oòrùn bí ẹni fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọmọ. Bí a ṣe ń kóra jọ nídìí òkè, a rí ọmọbìnrin kan tó ń bọ̀, ó wọ bàtà gogoro, ó sì so gèlè mọ́rí bí ẹni ń lọ ibi ìsọmọlórúkọ. Sídíkátù ni, àkọ́bí Búràímọ̀. Àdúgbò yìí gan-an ni wọ́n bí i sí, kò jìnnà síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ẹ wo ilẹ̀ yìí náà, ó tẹ́ bí ẹní. Omi ló yí wa ká, àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti afárá Ìjọ́rà sì ni òkè tó ga jù tí Sídíkátù tíì gùn láyé rẹ̀.

Náíbì bi í pé níbo ló ń lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní ìyá bàbá òun ló rán òun níṣẹ́. Ìyá Àgbà ti ní ojú òun kò ríran dé ẹnu ọ̀nà mọ́, kí Sídíkátù lọ bá òun wo oṣù náà. Náíbì ní wíwo oṣù kì í ṣe iṣẹ́ ọmọbìnrin, pàápàá èyí tó wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀. Sídíkátù kò jiyàn, kò sì dìde. Ó kàn sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kí Náíbì jọ̀wọ́ bá òun padà lọ sọ fún Ìyá Àgbà fúnra wọn. Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà yìí kan náà ni wọ́n ti pọn Náíbì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Náíbì wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run, ó ní ó yá, ká máa lọ.

Ó gba Ẹnu Ilé kọjá. Ó kí àwọn arúgbó lórí Àga Ìyá Àgbà. Nígbà tí a dé Fìdíwọ́, ó gùn ún dé ìdajì, ó sì wo ẹ̀yìn. Ohun tí a kì í ṣe nìyẹn. Ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkúta bí alángbá, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Èmi ni mo wà nítòsí, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Kò wo ojú mi. Òkúta ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ yẹn?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, kò sì ní lọ síbì kankan, kí ó yéé wò ó. Mo gba bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kì wọ́n sápò dàńṣíkí mi. Mo ní kí ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ òkúta dáadáa, kí ó má fi orí ìka gùn ún, kí ó jẹ́ kí òkúta gbà á. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun kò yọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀, ó sì gùn ún lọ láìdúró mọ́. Èmi ni mo wá ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀.

Bó ṣe dé orí rẹ̀, ó yíjú wo ìsàlẹ̀. Oko wa wà nísàlẹ̀ bí aṣọ alárànpọ̀, páànù ilé ń dán, èéfín ń yọ níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ìṣínu. Ó wá ní òun kò mọ̀ pé ojú ènìyàn lè lọ jìnnà báyìí. Ó ní ní Ajégúnlẹ̀, bí o bá na ojú síwájú, ògiri ẹlòmíràn ni yóò pàdé rẹ. Jímọ̀, ọmọ Ladánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, ọ̀rẹ́ mi ni, ó fi ìgúnpá gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oòrùn wọ̀. A fi omi àti ẹ̀kọ ṣínu lórí òkúta, a kí ìrun Mọ̀gàríbì, a sì tún kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìkùukùu náà ya díẹ̀ níbì kan, ó tún dì. Ó ya níbòmíràn. Náíbì fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó wò títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn rí nǹkan, ẹ̀ka igi ni. Òkùnkùn ti ń bọ̀. Níkẹyìn Náíbì mí kanlẹ̀, ó ní Ọlọ́run kò fẹ́ ẹ lónìí, kí á sọ̀ kalẹ̀, a ó gba ọgbọ̀n.

Sídíkátù sọ pé, "Mo rí i."

Gbogbo wa yíjú sí i. Náíbì bi í pé níbo. Ó nawọ́, a wo ibẹ̀, kò sí ẹni tó rí ohunkóhun. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́ pé ọmọ Èkó ń wá bí yóò ṣe mú bàbá rẹ̀ ṣọdún. Ojú Sídíkátù pọ́n, ó sì tún nawọ́ síbẹ̀. Ó ní, "Wàláì, mo rí i. Ẹ̀ ń tẹjú mọ́ ọn jù ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á jáde wá bá yín."

Ó ṣàlàyé pé bí àwọn ṣe ń wo ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Bàbá àwọn a máa kó àwọn lọ sí etí omi ní Àpápá kí wọ́n lè wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkun, nígbà tó ṣì tín-ín-rín bí òwú. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn, ó pòórá. Bí o bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró.

Mo gbìyànjú, n kò rí nǹkan. Ibi tí mò ń wò yàtọ̀ sí ibi tó ń sọ, ìkùukùu náà sì tún ti ń bọ̀. Ohun tí Sídíkátù ṣe nígbà náà, kò rò ó kó tó ṣe é. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n mi mú níṣojú Náíbì àti gbogbo ọkùnrin ìlú, ó yí orí mi bí ẹni ń yí ìgò, ó sì ní, "Ibẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣẹ́jú."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí wọ́n gé bọ́ sílẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Jímọ̀ sáré wá dúró síbi tí mo dúró sí, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí Sídíkátù ti wí, òun náà sì pariwo. Kí àwọn yòókù tó rọ́ dé, ìkùukùu ti bò ó.

Náíbì kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀sìn tẹ́ ènìyàn lọ́rùn. Ó ní ọkùnrin méjì tó ṣeé gbà gbọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Ó mú èmi lọ sí ẹ̀yìn òkúta kan, ó ní kí n sọ bó ṣe rí. Mo ní ó dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ apẹja, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọ sókè, tọ̀tún ga ju tòsì lọ díẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bi Jímọ̀. Nígbà tó padà, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ti sọ fún yín pé kì í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń rojọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣì ń kùn, ó ní oṣù wo ló ń fì sápá kan. Náíbì dá a lóhùn pé, "Oṣù lé, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe." Ó ní wọ́n máa ń sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i, ṣùgbọ́n lónìí ọmọdé gun àpáta, ó sì rí i. Ó wá ní kí Sídíkátù ṣáná sí imọ̀ ọ̀pẹ náà.

Bí iná náà ṣe sọ sókè, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìlú. Ohùn náà gòkè wá bá wa díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọdé ló ṣáájú, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin tí ń fi ìdérí lu ìkòkò, lẹ́yìn náà Ladánì, lẹ́yìn náà àwọn ajísàrì tó ti ń jí wa jẹ sààrì ní gbogbo oṣù ààwẹ̀ náà, wọ́n gbé orin wéré sẹ́nu bí ẹni pé kò rẹ̀ wọ́n rí. A ṣì ń gbọ́ ọ ni Jímọ̀ nawọ́ sí ìhà àríwá. Iná kan ti tàn lórí òkè ìlú kejì. Wọ́n ti rí tiwa. Kò pẹ́ tí òmíràn tún tàn lẹ́yìn rẹ̀, lókèèrè réré, ó kéré bí ẹyin iná. Bí ìròyìn ṣe ń rìn nígbà náà nìyẹn, láti orí òkè dé orí òkè, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé ta ló fi ránṣẹ́.

Búràímọ̀ ṣọdún pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà jáde sí abẹ́ igi ọsàn, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, gbogbo ẹni tó bá ti Yìdì dé ló ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mú Sídíkátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, ó sì ń sọ fún ẹni gbogbo pé ojú òun ló rí oṣù, òun kàn fi yá ọmọ òun ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbọ̀n mi ti kárí ìlú. Kò sí ibi tí mo gbà tí àwọn ọmọdé kò di àgbọ̀n ara wọn mú. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń di ẹrù sínú lọ́rì, Búràímọ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì wà nílẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni ọmọ òun di àgbọ̀n rẹ̀ mú níṣojú ayé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀wọ́ sà. Ó ń wo táyà lọ́rì rẹ̀.

Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ ká ṣe sí i?"

N kò mọ ibi tí ìgboyà ti dé. Mo ní bí wọ́n bá gbà, mo fẹ́ kí ó má jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lábẹ́ igi ọsàn, nítorí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Búràímọ̀ ní kí n bi Sídíkátù fúnra rẹ̀. Sídíkátù ní òun gbà, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni òun ó máa gbé. Òun kò lè máa gun Fìdíwọ́ lọ sá gbodo. Bí mo ṣe di ará Èkó nìyẹn. Kó tó di ìgbà ọ̀gbìn, wọ́n ti so yìgì wa, mo sì ti wà lórí lọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àna mi, mò ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Creek Road. Ìyá Àgbà wà láyé, ó sì gbàdúrà sí ìgbéyàwó náà.

N kò ní parọ́ fún yín, àárò òkè wa sọ mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ilé sún mọ́ ilé, ariwo ọkọ̀ ojú irin láti Bàdíà, oríṣiríṣi èdè, àwọn ọmọdé tí ń fi bọ́ọ̀lù fọ́ wíńdò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kò rí ibi nà sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Sídíkátù mú mi lọ sórí afárá Ìjọ́rà, ó ní òkè tòun rèé. A dúró níbẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, a wo ọ̀sà, a wo àwọn ọkọ̀ ní Àpápá, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó kún àti èyí tó ṣófo nípa bó ṣe rì sínú omi tó. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti balẹ̀ sí Èkó. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ wa ní àwọn fẹ́ mọ òkè tí à ń ròyìn. A lọ. Ilé ti pọ̀ dé ìdí Arídòkèèrè. Kò sí gbodo lórí rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń mú un gbẹ báyìí. Òpó fóònù gíga kan ló wà níbi tí a ti ń dáná, wọ́n sì fi wáyà yí i ká. Mo rò pé yóò dùn mí, kò dùn mí. Mo rí i pé òpó náà ṣì ń gba ìròyìn láti òkè kan fún òkè kejì, iṣẹ́ àtijọ́ náà ni.

Èrò mi ni pé èmi àti Sídíkátù yóò dúró lórí Àga Ìyá Àgbà kí àwọn ọmọ máa lọ. A jókòó níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn ọmọ ìlú tó ń kọjá sì ń dọ̀bálẹ̀ kí wa, mo wá mọ̀ pé àwa ni arúgbó òkúta náà báyìí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé orúnkún mi. Ṣùgbọ́n Sídíkátù ń wo òkè. Ó bi mí pé báwo ni orúnkún. Mo ní díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lára méjèèjì. Ó ní ká fi èyí tó kù gùn ún.

Àwọn ọmọ ní rárá, Màmá, ẹ má lọ. Màmá ti dìde. A fi ọwọ́ àti orúnkún gùn ún, a ń sinmi, a ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ wà níwájú, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa lójú, Sídíkátù sì tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kí ìrun ọpẹ́. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a jókòó lórí Fìdíwọ́ bí ọmọdé, a di ọwọ́ ara wa mú, a sì wọ́ ìdí nílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wa ti ń dúró dè wá, ojú ń tì wọ́n, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n. Mo gbọn eruku kúrò lára aṣọ Sídíkátù. Kò dúró kí n gbọ̀n ọ́n tán. Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́? Ṣé ká tètè jí wá gùn ún?"